Owó àyẹ̀wò tí a san, àyẹ̀wò tí a ò rí: ọ̀rọ̀ páálí obì 30 láti Ṣágámù

Èmi ni mò ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá olóbì kan kọ ìwé níbí ní Ṣágámù. Àwọn mẹ́rìnlá ni wọ́n, èyí tó kéré jù nínú wọn á ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, èyí tó dàgbà jù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Olóbì, ti ń ta gbànja fún àwọn Hausa ní Sábó kí wọ́n tó bí mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa láàárín oṣù kọkànlá 2022 sí oṣù kẹta 2023 ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí, torí àwọn èèyàn ṣì ń pè mí lórí fóònù, wọ́n á ní "ẹ jọ̀ọ́, èló ni owó ìjọba téèyàn máa san kó tó lè fi obì ránṣẹ́ sókè òkun?" ó sì máa ń dùn mí, torí bí àwa náà ṣe béèrè ẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ gan-an la sì ti ṣìnà.

Ọmọ Rẹ́mọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Peckham, London, ló pe ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa pé òun ń fẹ́ gbànja, pupa àti funfun, òun ò fẹ́ àbàtà, 600 kílò, ká dì í sí páálí 20 kílò 20 kílò, ìyẹn páálí 30. Dọ́là 6 ni kílò kan, gbogbo ẹ̀ wá jẹ́ $3,600. Òun ló máa san owó ọkọ̀ òfurufú, tiwa ni ká gbé e dé pápákọ̀ Ìkẹjà pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀, tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tó sì dáa lójú ẹ̀ ló máa fowó ránṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Rẹ́mọ, ẹ mọ̀ pé ọjà ẹnu ọ̀nà wa ni gbànja, láti Òde Rẹ́mọ dé Ìṣarà dé Ìpẹru kò sí ìdílé tí kò ní igi obì nínú oko bàbá wọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ẹlòmíì ló máa ń wá kó o, ẹlòmíì ló ń dá iye lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan máa ní kí àwọn ìyá yìí fúnra wọn tà á tààrà. Inú wọn dùn débi pé wọ́n fi àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn gbàdúrà pẹ̀lú obì méjì, kó bi ikú, kó bi àrùn, kó bi òfò.

Wọ́n ní ẹ́jẹ́ǹtì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú tó máa ń bá èèyàn ṣe gbogbo ìwé. A lọ bá a. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn ìyá, ó fún wa ní omi tútù, ó ní ₦385,000 ni "owó ìjọba" lápapọ̀, tiẹ̀ náà ti wà nínú ẹ̀, ká má da ara wa láàmú. Ìyá Olóbì bi í léèrè, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n máa fi owó yìí ṣe fún wa?" Ó ní, "Màmá, owó ìjọba ni, kì í ṣe pé wọ́n máa fi ṣe nǹkan kan fún yín, ẹ ṣáà ti gbọ́dọ̀ san án ni." Gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo kàwé nínú wọn, mo gbà bẹ́ẹ̀, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà nìyẹn, owó ìjọba dà bí òjò, tó bá ti ń rọ̀ kéèyàn ṣáà sá sábẹ́ ilé. A kó owó yẹn jọ nínú àjọ wọn, àwọn méjì nínú wọn opó ni, ọ̀kan ta ewúrẹ́ ẹ̀. Mi ò gba rìsíìtì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé wa báyìí: "Owó ìjọba, ₦385,000."

Ẹrù kúrò ní Ṣágámù ní òpin oṣù kọkànlá. Lójú ọ̀nà ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá bọ́ọ̀sì wa dúró kí a tó jáde ní Mọ̀wé, àwọn tó wọ fẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi pákó tó ní ìṣó dí ọ̀nà, wọ́n ní owó ẹrù oko, wọ́n fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì pélébé tí kò ní orúkọ ọ́fíìsì kankan lórí tó ṣeé kà, ₦5,000, ₦3,000, ₦4,000. Mo fi ₦12,000 yẹn kún "owó ìjọba" nínú ìwé. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń gbòòrò.

Ọjọ́ kẹrin tí ọkọ̀ òfurufú gbé e ni oníbàárà wa pè. Kò bínú, ohùn ẹ̀ kàn rẹlẹ̀. Ó ní àwọn aláyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn lọ́hùn-ún ti dá ẹrù dúró, pé ìwé ẹ̀rí tó bá a wá sọ pé páálí 25, 500 kílò, ohun tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ páálí 30, 600 kílò, torí náà wọ́n ya páálí wò. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo fi han Ìyá Olóbì, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n ní "kòkòrò". Obì tó ti lu ihò, ìyẹ̀fun ń dà lára ẹ̀, kòkòrò dúdú kékeré tó ní ẹnu gígùn ń rìn lórí ewé tí a tẹ́ sínú páálí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, páálí 30, wọ́n sun ún, oníbàárà wa sì ni wọ́n gba owó sísun lọ́wọ́ ẹ̀. Kò san kọ́bọ̀ fún wa, mi ò sì lè sọ pé ó jẹ̀bi.

Ẹkún tí àwọn ìyá yẹn sun lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ sọ ọ́.

Nígbà tí ara rọlẹ̀ díẹ̀ mo lọ bá ẹ́jẹ́ǹtì yẹn, mo ní kó kọ ohun tó fi ₦385,000 ṣe fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí mo bú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó fi ohun méje ránṣẹ́. Mo gbé e lọ sí báńkì tí a ti ṣí fọ́ọ̀mù NXP, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọpa owó ọjà tó lọ sókè òkun, ọmọbìnrin kan níbẹ̀, Ọlọ́run á bá mi bù kún un, ó wò ó ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo ìlà kẹta yìí." Ìlà kẹta kà pé NESS, ₦65,000. Ó ní owó NESS yìí, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà fún àbójútó ọjà tó ń jáde, ìdá kan nínú igba iye ọjà ni fún ohun tí kì í ṣe epo rọ̀bì, 0.5% tí wọ́n máa ń kọ. Nínú dọ́là igba, dọ́là kan. Ọjà yín jẹ́ $3,600, ẹ pín in sí igba. Mo pín in, $18. Ní iye tí báńkì ń ṣẹ́ dọ́là nígbà yẹn, nǹkan bí ₦8,000 ni. Ẹni tó ní òun gba ₦65,000.

Ìlà kan ṣoṣo yìí ló là mí lójú. Kì í ṣe torí pé owó yẹn pọ̀ jù nìkan, torí pé ó ṣeé ṣírò ni! Ohun tí mo ti rò pé òjò ni, ìṣirò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Mo wá ń bi ọmọbìnrin yẹn nípa ìlà kọ̀ọ̀kan pé ta ló ni ín, kí ló wà fún. Ó ní fíforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, ìyẹn àjọ tó ń gbé ọjà tó ń lọ sókè òkun lárugẹ, ẹgbẹ́ fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kì í ṣe kí wọ́n máa ràn mọ́ orúkọ ẹ́jẹ́ǹtì, kò sì sí ohun tó ní ká san án lẹ́ẹ̀kan síi lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ ẹ̀ kò bá tíì pé. Ó ní NXP tí báńkì ń ṣe, òun ni Báńkì Àpapọ̀ fi ń mọ̀ pé owó ọjà padà wálé, 180 ọjọ́ ni wọ́n fún ọjà tí kì í ṣe epo láti ọjọ́ tí ẹrù gbéra. Ó wá wò mí, ó ní, "Ẹ sì mọ̀ pé tiyín ṣì ṣí sílẹ̀ o." Mi ò mọ̀. Ẹrù ti jóná ní London, ìwé ẹ̀ ṣì wà láàyè ní Ṣágámù, ó ń retí $3,600 tí kò ní í wá láéláé. Oṣù méjì gbáko la fi ń wá lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ oníbàárà wa àti ìwé àwọn tó sun ún kí báńkì tó gbà pé kì í ṣe pé a tọ́jú dọ́là pa mọ́ sí ìlú òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òwò yìí, kó fi ọ̀rọ̀ NXP sọ́kàn gan-an, bí ẹ́jẹ́ǹtì yín bá sá lọ, orúkọ yín ló wà lórí fọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n ìlà tó dùn mí jù lọ ni ti ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, èyí tí wọ́n ń pè ní phytosanitary. Àjọ NAQS ló ń fún èèyàn níwèé yìí ní Nàìjíríà, abẹ́ àdéhùn àgbáyé kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1951 ló ti wá, IPPC ni wọ́n ń pè é, ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi jọra láti orílẹ̀-èdè kan dé èkejì, ẹni tó wà ní London mọ ibi tó máa wò lórí ẹ̀. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ ni pé aláyẹ̀wò ìjọba fojú ara ẹ̀ rí ẹrù YÌÍ, iye páálí BÁYÌÍ, kò rí kòkòrò níbẹ̀. Mo bi ẹ́jẹ́ǹtì wa pé báwo ni tiwa ṣe wá di páálí 25. Ó kọ́kọ́ ní àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni. Mo tún bi í. Ó wá jẹ́wọ́ pé ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pe òun lórí fóònù, tí a ní "ó lè tó bíi páálí 25", ọjọ́ yẹn lòun ti kọ ọ́, ẹrù oníbàárà òun mìíràn lòun sì gbé fún àwọn aláyẹ̀wò wò gẹ́gẹ́ bíi tiwa, kí iṣẹ́ lè yá. Ó ní òun ń ràn wá lọ́wọ́ ni.

Ẹ ronú sí i. Obì tiwa ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù nígbà tí ìwé tó sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ti jáde. Owó àyẹ̀wò kúrò lọ́wọ́ wa, àyẹ̀wò ò dé ọ̀dọ̀ wa. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo tó mọṣẹ́ ti ya páálí mẹ́ta péré ní Ìkẹjà, á ti rí kòkòrò yẹn, á ti dá wa padà, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì nìkan la máa san, a ò ní pàdánù ohunkóhun tó tó nǹkan.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà, àwọn àgbà ti sọ ọ́, òótọ́ pọ́nbélé sì ni. Àwọn tó ń ṣèwádìí ní CRIN, ilé ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ n'Íbàdàn tó ń bójú tó obì náà, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé láti oko ló ti ń wọlé, èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ tó pẹ́ nílẹ̀, tàbí tí awẹ́ ìta ẹ̀ ti lanu, kòkòrò á yé ẹyin sínú ẹ̀, ojú lásán ò ní rí i, ó lè dán gbinrin lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bọ́ ọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lu jáde. Àwọn ìyá wa mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tú apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ṣà á léraléra kí Alájì tó wá gbé e. Ṣùgbọ́n ti London yìí, torí ìkánjú ẹ́jẹ́ǹtì tó ní ọkọ̀ òfurufú ti fẹ́ lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣà á.

Ọ̀kan nínú wọn dábàá pé nígbà mìíì ká kúkú wọ́n ọ̀tápíápíà sí i, kòkòrò á kú, ọ̀rọ̀ á tán. Mo dìde lórí ìjókòó mi. Ẹ̀wà Nàìjíríà tí àwọn ará Yúróòpù ti fòfin dè láti oṣù kẹfà 2015, irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló kó bá a, dichlorvos, ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè ò ju 0.01 miligíráàmù nínú kílò kan lọ, wọ́n sì bá tó 4.6 nínú òmíràn. Gbogbo àgbẹ̀ ẹlẹ́wà ló jìyà ẹ̀, ẹni tó wọ́n ọn àti ẹni tí kò wọ́n ọn. Obì sì nìyí, ohun tí èèyàn máa ń jẹ ní tútù, láìsè, láìfọ̀, nídìí ìsọmọlórúkọ, nídìí ìgbéyàwó. Ẹni tó dábàá yẹn sunkún, ó ní òun ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí ni.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ṣiṣẹ́ aláyẹ̀wò kòkó láyé ìgbà tí ìjọba ṣì ń ra kòkó fúnra ẹ̀, kí wọ́n tó tú àwọn bọ́ọ̀dù yẹn ká ní 1986. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n fi wọ́n sí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ wa wọ́n mi orí. Wọ́n ní nígbà tiwọn, ọ̀bẹ kékeré ló wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn á mú kòkó láti inú àpò, àwọn á là á sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn á ka èyí tó bu àti èyí tó jẹrà, kí àwọn tó fi òǹtẹ̀ lu àpò, àgbẹ̀ á dúró níbẹ̀ á máa wo ọwọ́ àwọn. Wọ́n ní "Bó bá san owó, ó rí ọ̀bẹ." Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Mo wá fẹ́ mọ̀ bóyá òfin tiẹ̀ sọ pé ó yẹ ká rí ọ̀bẹ. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ka lọ́ọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ló bá mi wá a. Ó ní nínú àdéhùn òwò àgbáyé tó ń jẹ́ GATT, Àpilẹ̀kọ 8, owó yòówù tí ìjọba bá ń gbà torí pé ọjà ń wọlé tàbí ń jáde, yàtọ̀ sí owó orí ọjà gan-an, kò gbọ́dọ̀ ju iye tí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ná wọn lọ, kò sì gbọ́dọ̀ di ọgbọ́n láti fi wá owó sápò ìjọba. Ó ní Kánádà àti àwọn ará Yúróòpù ti gbé Amẹ́ríkà lọ síwájú ìgbìmọ̀ GATT rí lórí irú ẹ̀, torí pé kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà ń gba owó iṣẹ́ ní ìdá kan lórí iye ọjà, ìdájọ́ ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbà wọlé ní 1988 sì sọ pé ibi tó bá ti ju iye iṣẹ́ lọ kò bófin mu. Òun ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti NESS wa náà, kékeré ni lóòótọ́, $18 ò pa wá, ṣùgbọ́n páálí 30 ni páálí 30, bóyá obì wọ́n bóyá obì pọ̀, iṣẹ́ ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ò yí padà, kí ló wá dé tí owó ẹ̀ fi ń gòkè pẹ̀lú iye ọjà? Ó yẹ kí ẹni tó ń gbà á dáhùn. Àdéhùn kejì tún wà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, Àpilẹ̀kọ 6 ẹ̀ sọ pé irú owó báyìí gbọ́dọ̀ wà ní gbangba, iye ẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń gbà á, ẹni tó ń gbà á, ìgbà tí wọ́n ń san án.

Kì í ṣe pé ìlú òyìnbó ò ní ìjà tiwọn lórí ẹ̀ o. Ní Ọsirélíà, ìjọba máa ń bá àwọn tó ń fi ẹran àti ọkà ránṣẹ́ sókè òkun gbé ìdá 40 nínú 100 owó àyẹ̀wò, nígbà tó di 2009 ìjọba ní òun fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò kí wọ́n máa san án tán, ariwo ta, ọ̀rọ̀ dé ilé aṣòfin àgbà, ìjọba ní láti tún wá owó mìíì fi tún ètò náà ṣe. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ ni pé ìjà wọn wà lórí nọ́ńbà tí gbogbo wọn jọ mọ̀. Àgbẹ̀ wọn lè sọ pé "iṣẹ́ yìí ò yẹ kó ná mi tó báyìí, ẹ dín in kù." Àwa ò lè jà bẹ́ẹ̀, torí ₦385,000 ni tiwa, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé mi.

Oníbàárà wa gbà láti tún gbìyànjú. Èèyàn rere ni. Lọ́tẹ̀ yìí mo pín ojú ewé ìwé wa sí mẹ́ta: owó, ẹni tó gbà á, ohun tó ṣe fún wa. Èyí tí ẹgbẹ́ lè ṣe fúnra wọn a ṣe é fúnra wa, a forúkọ sílẹ̀, owó ìjọba àpapọ̀ kọ̀ọ̀kan mo san án lórí Remita, ọ̀nà ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé nọ́ńbà ìsanwó tí wọ́n ń pè ní RRR jáde, torí láti 2015 tí wọ́n ti kó owó gbogbo àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, ẹni tó bá ní kí o san owó ìjọba àpapọ̀ sínú àkáǹtì ara ẹ̀, owó ara ẹ̀ ló ń gbà. Àwọn ìyá pa gbànja lórí igi, wọn ò ṣà á nílẹ̀, wọ́n fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n rẹ ẹ́ wọ́n bọ́ ọ, wọ́n jẹ́ kó làágùn, wọ́n ṣà á lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó dì í. 560 kílò ló kù, páálí 28.

Aláyẹ̀wò tó gbà wá, obìnrin ni, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní ká sọ páálí kalẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló tọ́ka sí èyí tó fẹ́ kí a ṣí, kò jẹ́ kí n yan án fún un. Ó da obì sórí pẹpẹ funfun, ó yí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mú ọ̀bẹ, ó là á. Ó là á o! Ọkàn mi fò sókè bó ṣe là á. Páálí kan, kò sí. Páálí kejì, kò sí. Páálí kẹta, ihò wà lára obì mẹ́ta. Ó ní ká kó gbogbo ẹ̀ padà lọ ṣà á. Mo fẹ́ bínú, mo rántí London, mo pa ẹnu mi mọ́. Ọjọ́ méjì la fi tú gbogbo ẹ̀, páálí mẹ́rin la yọ kúrò pátápátá, èyí tó ṣeé jẹ nínú ẹ̀ a tà á ní Sábó ní owó pọ́ọ́kú. A padà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú 24. Ó tún là á. Ó kọ ìwé: páálí 24, 480 kílò. Ó ní kí n kà á sókè fún òun kí òun tó lu òǹtẹ̀. Mo kà á. NESS $2,880 jẹ́ $14.40, bí mo ṣe ṣírò ẹ̀ nílé gẹ́lẹ́ ló jáde ní báńkì. Gbogbo ohun tí a san tí rìsíìtì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi kò tó ìdajì ohun tí ẹ́jẹ́ǹtì yẹn gbà.

Ti ojú ọ̀nà nìyí. Oṣù kejì 2023 ni, ẹ rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà tí owó pa rẹ́ nílẹ̀, tí èèyàn ń sùn sí ìdí ATM. Àwọn onípákó tún dá wa dúró. Mo sọ fún wọn pé kò sí kéṣì lọ́wọ́ mi, òótọ́ sì ni, ₦700 ló wà lápò mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì ìjọba wọn kí n fi tiransifá ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní kí n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun. Mo ní rárá, ti ìjọba, tó máa gbé orúkọ ọ́fíìsì jáde. Mo sì ní òfin kan wà láti 1998 lórí owó orí àti owó ìlú tó sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà láti gba owó, ẹ̀dà ẹ̀ ló wà nínú fáìlì yìí. Mi ò pariwo, mo pè wọ́n ní "ẹ̀gbọ́n", ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Wọ́n gbé pákó kúrò. Ibi kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ibi kẹta, wọ́n jẹ́ ká dúró fún wákàtí kan lóòrùn kí wọ́n tó jẹ́ ká lọ. Owó tí kò ní ibi tó lè wọ̀ tí èèyàn lè tọpa ẹ̀, wọn ò lè gbà á.

Ẹrù wọ London, wọ́n wo ìwé, wọ́n ka páálí, wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ní oṣù kẹta, $2,880 wọlé, báńkì pa NXP ẹ̀ dé. Kò tíì dí ihò ti àkọ́kọ́, ìyá tó ta ewúrẹ́ ò tíì ra òmíràn.

Kéṣì ti padà, àwọn onípákó náà ti padà. A kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí wọ́n ní àwọn ń ṣiṣẹ́ fún, a ní kí wọ́n fún wa ní ìwé tó sọ owó tí wọ́n ń gbà àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀. Wọn ò tíì fèsì. Mo tún kọ òmíràn, àwọn ìyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tẹ̀ka sí i.

Ìyá Olóbì ò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé kí ẹgbẹ́ san owó kan báyìí, wọ́n á ní kí ọmọ-ọmọ wọn gbé ìwé wá, kó ka apá kẹta, "ohun tó ṣe fún wa", fún àwọn. Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, wọn ò ní tú ìdí aṣọ wọn.